Káàdì Bàbá Mi àti Iṣẹ́ Tí Mo Mú

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo kí ìyá bàbá wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Lémọ́mù àdúgbò. Sùlé, àbúrò mi, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́ má kà á nínú yàrá. Gbé àga síta, kí o pe gbogbo ilé jọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, gbangba la ti bà á lórúkọ jẹ́. N kò fẹ́ kí á wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ara mi le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìjọba ti ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún báyìí, àmọ́ bíi ti àtijọ́, apá ọ̀tún ni mo ṣì ń kọ́kọ́ wò kí n tó sọdá. Àǹtí Sàláwà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń tọ́jú mi. Ilé kún fún èèyàn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí mo lè sọ inú mi fún. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni ní Èkó, mo sì gba ẹ̀kọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọsibítù tó gbà mí ní kí n ṣe oṣù kan nínú wọ́ọ̀dù, kí n ṣe oṣù kan nínú yàrá káàdì, kí n wá mú ọ̀kan. Ní wọ́ọ̀dù, mò ń wẹ aláìsàn, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń da ìgbọ̀nsẹ̀ nù. Bí mo bá dúró níbẹ̀, wọ́n lè rán mi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní yàrá káàdì, orí àga ni mo jókòó sí lábẹ́ fáànù, mò ń wá káàdì àwọn tó bá dé, mò ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá. Ẹ ránṣẹ́ pé yàrá káàdì ni kí n mú, pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń fọwọ́ kan ara ọkùnrin ọlọ́kùnrin. Ọ̀gá ibẹ̀ náà fẹ́ kí n dúró síbẹ̀. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mo fura sí i, mo ní kò sí ọkùnrin tí í yin ọwọ́ ìkọ̀wé lásán. Oṣù kan kọjá, kò yin nǹkan mìíràn.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ní kí n má mú yàrá káàdì: Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa.

Gbogbo yín mọ ohun tí a sọ nípa rẹ̀. Bàbá wa jẹun nílé rẹ̀ ní Èkó, ó wọ mọ́tò wálé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kú. Ẹ bá páálí kékeré kan lápò agbádá rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ọsibítù yìí àti nọ́ńbà káàdì sí. Ẹ bi Bàbá Kékeré, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí àwọn méjèèjì jọ ní ní Jankárà wá di tirẹ̀ nìkan. Ẹ wí níwájú ilé pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ọdún mẹ́rin rèé tí kò ti wálé.

Nígbà tó gbọ́ pé mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ó ń gbé oúnjẹ wá fún mi lẹ́nu géètì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mò ń gbà á nítorí ojú ayé, mo sì ń dà á nù kí n tó délé. Lọ́jọ́ kan ó bi mí ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ mú. Mo ní káàdì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n mú wọ́ọ̀dù, pé kò sí ohun tí ọmọdé ń wá nínú ìwé àtijọ́. Ó tún un sọ lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá mi, ara mi bù máṣọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ohun tó ń sá fún wà níbẹ̀. Páálí bàbá wa tí mo gbé wá láti ilé, mo dì í mọ́ etí ìró mi lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ọ̀gá lọ kírun, mo gun àkàbà lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn káàdì àtijọ́ sí. Mo rí nọ́ńbà náà, mo rí orúkọ bàbá wa.

Májèlé ni mo rò pé n ó bá níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo bá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá wa lọ síbẹ̀, Bàbá Kékeré sì ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mú un wá nígbà gbogbo. Ní ìgbà kẹrin, dókítà kọ ọ́ pé kí ó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, pé ewu wà. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti ṣàlàyé fún un, pé ó kọ̀. Bàbá wa fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ẹ mọ bó ṣe máa ń fa ìdí orúkọ rẹ̀ gùn. Ọjọ́ kejì ló wọ mọ́tò wálé.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò gbà. Mo ní bóyá ẹnìkan ló ní kó kọ̀. Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo gba Jankárà lọ. Bàbá Kékeré wà nídìí ẹ̀rọ. Bó ṣe rí ojú mi, ó dá ẹ̀rọ náà dúró, ó bi mí bóyá mo ti rí i. Mo ní mo ti rí i. Ó ní:

“Oyún Mùíbátù àbúrò rẹ wà nínú ìyá rẹ nígbà náà, oyún méjì sì ti bọ́ ṣáájú rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n búra pé n kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ pé òun ń ṣàìsàn. Ó kú kó tó tú mi sílẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí á máa pè é ní apànìyàn.

“Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó mọ̀ pé fúnra rẹ̀ ló kọ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí ẹ kúkú bínú sí èmi.”

Ó bu oúnjẹ, a jọ jẹ ẹ́. Mo sunkún sínú abọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti ka káàdì tí kò kàn mí. Ó bínú, ó ní bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, òun yóò fẹjọ́ mi sùn. Ṣùgbọ́n ó ní àga náà ṣì wà fún mi. Mo dúpẹ́, mo sì sọ fún un pé wọ́ọ̀dù ni mo mú.

Ẹ má bínú, Ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, mo rí bàbá kan tí nọ́ọ̀sì ń sọ ọ̀rọ̀ oògùn fún kíákíá, Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá. Bàbá náà ń mi orí bí ẹni tó yé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, ó bi mí pé kí ló wí. Ó ti rò pé bí oògùn bá ti tán, àìsàn náà ti tán nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì bàbá wa pé wọ́n ti ṣàlàyé fún un. Ta ló ṣàlàyé? Èdè wo ló fi ṣe é? Mo ṣì ń fura sí gbólóhùn yẹn. Bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi yóò lè tún un sọ fún ẹlòmíràn kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré pé kó wá bá yín ṣe Iléyá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níta, ẹ̀yin náà ni kí ẹ pè é wọlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Sùlé, kà á sókè, má fò ó. Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, ìlà kan wà tí o fi yíǹkì pa rẹ́. Mo gbé e sí ojú oòrùn, mo sì rí i pé o kọ ọ́ pé orí ń fọ́ Ìyá wa láràárọ̀, ojú wọn sì ń ṣú. Ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kó pa á rẹ́. Ẹ wọ mọ́tò wá lọ́sẹ̀ yìí. Èmi fúnra mi ni n ó dúró tì yín nígbà tí wọ́n bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó ń ru bíi ti bàbá wa, n ó sì sọ ohun tí wọ́n bá wí fún yín lédè Ìjẹ̀bú wa, títí yóò fi yé yín.

Ọlọ́hun yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Kí Ó foríjin bàbá wa, kí Ó fi ilé wa ṣọ̀kan. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi fẹnu ko Mùíbátù lẹ́nu.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí yín ní géréèjì,
Ràfátù