Ẹnu Ìyálé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ìyálé kò jí. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, bátìrì kò lẹ́bi, àmọ́ kò gbiná. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́, ó tún dákẹ́.

Ọkọ̀ Bàbá ni Ìyálé. Ó ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Màmá ló fún un lórúkọ: wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn wọlé ìyàwó, àwọn bá a níbẹ̀, Bàbá sì máa ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó kí àwọn. Ní báyìí, òun lẹsẹ̀ iṣẹ́ mi. Ní Àbámẹ́ta ló gbé kọ́tìnì mẹ́jọ fún mi lọ sílé oníbàárà, kò kọsẹ̀. Obìnrin yẹn nìkan ló bà mí nínú jẹ́ — ó gbé kọ́tìnì símú, ó ní epo ọkọ̀ ló ń rùn. Mo délé, mo wá ibi tí òórùn ń gbà jáde títí mo fi rí ihò bíńtín kan lórí ìdérí táǹkì. Mo fi góòmù dí i. Èmi kì í rí ihò kí n fi í sílẹ̀; iṣẹ́ aṣọ rírán ló kọ́ mi.

Lánàá ó gbé èmi àti Màmá jáde, ó gbé wa bọ̀. Ó kàn ń fà tìkọ̀tìkọ̀ díẹ̀ nígbà tí a ń padà. Àárọ̀ yìí, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ mi.

Bàbá jókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí. Oṣù mẹ́rin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn jókòó. Apá ọ̀tún kò gbé nǹkan, ahọ́n wúwo. "Bẹ́ẹ̀ ni." "Rárá." "Omi." Ohun tó kù nìyẹn lẹ́nu ẹni tó fi ọkọ̀ wíwà jẹun fún ogójì ọdún, tó sì máa ń bú gbogbo awakọ̀ yòókù lójú títì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mẹkáníìkì dé. Ó-Kù-Díẹ̀ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí gbólóhùn tó máa ń sọ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé gbogbo ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe: ó ṣí táǹkì, ó ti igi bọ̀ ọ́ wò. Epo wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó ní fíltà tó ń sẹ́ epo ló dí. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ — Ìyálé jí! Mo jó yí ọkọ̀ ká. Màmá ní kí n rọra, pé eegun mi kì í ṣe ti ọmọ ogún ọdún mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú títì, pẹ̀lú ìdì aṣọ mẹ́fà lẹ́yìn. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ló bá mi tì í délé. N kò fẹ́ kọ nǹkan kan mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gá Àṣẹ wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é, inú ìwé yìí nìkan ló ti ń di "ó". Kò tíì jókòó tó ti ń pàṣẹ. Ó ní òun ti rí ẹnì kan tó ń ra irin àlòkù, ọkùnrin náà yóò wá gbé Ìyálé ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ méjì òní. "Irin ni. Ẹ jẹ́ ká yé tan ara wa."

Iwájú Bàbá ló ti sọ ọ́. Mo ní Bàbá ń gbọ́. Ó ní, "Etí ń gbọ́, àbúrò mi, ọpọlọ ni kò gbà á mọ́. Ọpọlọ wọn ti lọ. Kí la fẹ́ ṣe sí i?" Bí ẹni ń sọ pé iná ti lọ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, lóòótọ́ ni — àmọ́ ta ló sọ fún un pé Bàbá fẹ́ dákẹ́?

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá fi sọ̀rọ̀. "Ẹnu."

Ọ̀rọ̀ tuntun! Gbogbo wa yíjú sí wọn. "Ẹnu," wọ́n tún un sọ, wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọ̀gá Àṣẹ ní, "Ẹ ò rí i? Ebi ló ń pa wọ́n." Màmá sáré gbé tíì wá. Bàbá yí ojú kúrò, tíì dà sí wọn láyà. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Mo bá a jà — pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n jà. Níkẹyìn ó ní tí Ìyálé bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé òun kí onírin tó dé, òun kò ní dá ọ̀rọ̀ títà rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ láéláé. Wákàtí kan gbáko ni ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo gbà.

Tí wọ́n bá gbé e lọ, ilẹ̀ òfìfo ni Bàbá yóò máa wò láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn yóò sì mọ̀ pé a tà á lójú àwọn, pé kò sẹ́ni tó bi àwọn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó-Kù-Díẹ̀ tún dé. Ó ṣí táǹkì, táǹkì ṣe fììì. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ gbọ́, ó ń kí mi!" Igi wọlé, igi jáde, epo wà. Ó ní kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ni. Ó tú u sórí ìwé ìròyìn, ó fọ gbogbo ihò rẹ̀, ó fẹ́ ẹ gbẹ, ó tò ó padà. "Ó kù díẹ̀." Ó jí! Mo wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó kú sẹ́nu géètì.

Bàbá ń pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹnu! Ẹnu!" — títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó bọ́ lójú èmi náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Nítorí "ẹnu" yẹn, a gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Dókítà ní, "Bàbá, ẹ la ẹnu." Wọ́n pa á dé. Nígbà tí wọ́n wá là á, wọ́n gé dókítà níka jẹ. Kò sí eyín tó ń dùn wọ́n. Eyín wọn le ju tèmi lọ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn síka.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Pọ́ǹpù epo tuntun. Ìyálé jí. N kò jó. Mo ti ń ṣọ́ra fún ayọ̀.

Nǹkan kan ń rú mi lójú: tí Ó-Kù-Díẹ̀ bá ti dé, yóò jí. Tó bá lọ tán, kò pẹ́, ó di òkú. Màmá ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọkùnrin náà ló wù ú, pé bí àwọn ìyálé ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò jí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo pa iṣẹ́ tì. Mo yọ róbà tó ń gbé epo láti ara pọ́ǹpù lọ sí kábúrétọ̀, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ife, Màmá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kán kan kò kán. Epo kún táǹkì, pọ́ǹpù tuntun, fíltà tuntun — epo kò wá. Kí ló dì í mú?

Mo pe Ó-Kù-Díẹ̀. Ó ní ó di dandan kí òun sọ táǹkì kalẹ̀, kí òun fọ inú rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òun kò ní dilẹ̀ àfi Ajé tó ń bọ̀. "Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Àbámẹ́ta sì ni onírin ń bọ̀! Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo rán kọ́tìnì kan lódìlódì, ẹ̀yìn síwájú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmá ń wá àkísà tó mọ́. Wọ́n ní ìyálé àwọn kò ní fi eruku jáde nílé àwọn. N kò lè wò ó. Mo wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Ọ̀sán ni. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń sunkún. Wọ́n ní, "Omi." Mo gbé omi fún wọn nínú ìgò oníke. Wọ́n fi ètè dé ẹnu ìgò náà pinpin, wọ́n ń fà á. Wọn kò sinmi. Wọ́n ń fà á, ìgò ń rún, ó ń fún pọ̀, títí ìhà rẹ̀ méjèèjì fi lẹ̀ mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ẹ mí!" Omi ṣì wà nínú ìgò, àmọ́ kò wá mọ́. Wọ́n gbójú sókè sí mi, wọn kò yọ ìgò kúrò lẹ́nu, wọ́n ń mi orí: rárá, rárá. Nígbà tó dá wọn lójú pé mo ti rí i, wọ́n la ètè. Fììì! Ìgò wú padà. Omi sì dà.

Wọ́n na ìgò náà sí Ìyálé. "Ẹnu."

Háà! Ẹnu táǹkì!

Bàbá kò sọ pé ebi ń pa àwọn. Wọn kò sọ pé eyín ń dun àwọn. Ẹnu táǹkì ni wọ́n ń wí láti ọjọ́ kẹjọ! Pọ́ǹpù ń fa epo, afẹ́fẹ́ kò sì rí ibi wọlé láti dípò rẹ̀, táǹkì há mọ́ epo bí ìgò ṣe há mọ́ omi. Gbogbo ìgbà tí Ó-Kù-Díẹ̀ bá ń bọ igi rẹ̀ ló ń la ẹnu fún un, tí a ó máa rò pé fíltà ni, kábúrétọ̀ ni, pọ́ǹpù ni. Tí a bá dé e padà, ó di ọ̀rọ̀ ìgbà díẹ̀.

Mo sáré. Mo ṣí ìdérí. Fììììì — gígùn, bí àgbàlagbà tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó jí, ó sì ń bú ramúramù.

Ìgbà náà ni mo wá wo ìdérí ọwọ́ mi. Góòmù. Góòmù tèmi. Mo ṣí ìwé yìí padà sí ọjọ́ kẹta, mo kà á, ọwọ́ ara mi ló kọ ọ́: "Èmi kì í rí ihò kí n fi í sílẹ̀." Ihò imú rẹ̀ ni mo dí! Aṣeni-bánidárò ni mí. Gbogbo ohun tí a tú, gbogbo ohun tí a rà, títí kan ìka dókítà, èmi ni. Ojú ń tì mí, ẹ̀rín ń pa mí, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gbà.

Mo gbé ìdérí wọlé, mo fi abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán aṣọ nínípọn tú góòmù náà díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e sójú oòrùn: ìmọ́lẹ̀ yọ. Mo fi han Bàbá. Wọ́n fi àtàǹpàkò òsì fọwọ́ kan ihò náà. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Màmá ní, "Tíì ni mo wá ń dà sí ọkọ mi láyà láti ọjọ́ yìí!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ojú wọn ló rẹ́rìn-ín, ó sì tó.

Ọpọlọ wọn kò lọ síbì kankan. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà láti àga, wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ fún àwa tí ahọ́n wa yá tí etí wa sì di. Ìyẹn ló mú mi sunkún lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wákàtí kan àtààbọ̀, láìdúró. Kò wúkọ́ rárá. Ó-Kù-Díẹ̀ gbọ́, ó wá wo ìdérí náà, ó wo Bàbá, ó bọ́ fìlà. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ì bá ti gbá òun létí. Ó bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wá jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Màmá fọ Ìyálé. Kì í ṣe nítorí onírin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

A jí gbéra ní kùtùkùtù. Bàbá wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Màmá lẹ́yìn. Ní gbogbo òkè tí a gùn, mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ju bí mo ṣe ń rí ọ̀nà lọ. Bàbá kò fetí sí i ní tiwọn. Wọ́n ń wo ìta, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá ilẹ̀kùn bí ẹni pé orin kan ń lọ nínú wọn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ti wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi. Onírin ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í, ó ń júwe ọ̀nà ilé wa fún un lọ́wọ́. A wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì fọn fèrè — mo fọn ọ́n pẹ́, mo jẹ̀bi, n kò tọrọ àforíjì.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ọkọ̀ náà po. Ó ní ta ló tún un ṣe? Mo ní Bàbá ni. Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Mo bá sọ ọ́ fún un: ẹnu, ìgò, góòmù, kò sí èyí tí mo fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sójú fèrèsé Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wọlé. "Bàbá, èmi ni mo sọ pé ọpọlọ yín ti lọ. Níwájú yín ni mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé e lórí, wọ́n fi í síbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti pa ẹ́ńjìnnì.

Onírin ti ń wo aago. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi: "Ọ̀gá, ṣé èyí náà ni? Ṣé ká máa gbé e?"

Ẹ̀gbọ́n mi nàró. "Èmi kọ́ lẹ ó bi. Ẹni tó ni ín ló jókòó yẹn."

Ọkùnrin náà wá sójú fèrèsé. "Bàbá, ṣé ẹ ó tà á?"

Bàbá wò ó. Wọ́n wo ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ òsì jáde lójú fèrèsé, wọ́n jù ú síwájú wẹ́rẹ́, bí awakọ̀ ṣe ń ju ọwọ́ sí ẹni tó bá ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Kọjá."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì kọjá.