Bàbá Tẹ̀lé Èédú Wọn Dé Ilé Wa

Abúlé Ak-Bulun,
Àgbègbè Naryn,
Kyrgyzstan.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Sabira, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Mọ́síkò, ní Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún? Ṣé ara le? O kú iṣẹ́, o kú òtútù, o kú ìdúró nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní àràárọ̀. Báwo ni ọrùn tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Obìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun? Àwa níbí wà láàyè, a ò sì tíì dì. Turat ọkọ mi kí ọ. Àwọn ọmọ kí ọ, wọ́n ti ga débi pé ẹ̀wù òtútù èṣí ti di èyí tó ń fi ìdodo wọn hàn. Màlúù wa ti dáwọ́ wàrà dúró, a ò sì bá a jà.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà báyìí. Ohun téèyàn bá sọ sínú fóònù, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, àwọn méjì nínú wọn á sì fèsì sí i. Àwọn méjì yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Ìyàwó Maksat aládùúgbò wa ń bọ̀ ní Mọ́síkò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, o ní bí Bàbá bá tún lo ìgbà òtútù nínú ilé wọn, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wàá padà wálé. Mo gbọ́ ọ tí ò ń sunkún. Èmi náà ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nígbà yẹn. A jọ rí bí àyà Bàbá ṣe rí lọ́dún tó kọjá, a sì jọ gbọ́ ohun tí dókítà sọ, pé bí wọ́n bá tún gba irú òtútù bẹ́ẹ̀ sára, kí a má retí ìlérí kankan lẹ́nu òun.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún yìí ò sì fi nǹkan falẹ̀. Kí a tó wú ọ̀dùnkún tán, igi ẹ̀bá odò ti dúró níhòòhò. Èédú wọ́n gan-an, nítorí náà a ṣe ohun tí gbogbo abúlé ṣe: a ti yàrá mẹ́ta pa, a kó ara wa sínú èyí tí ààrò wà. Ìyá Turat jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, èmi ń fi ìyẹ̀fun tí mo pò mọ́ omi gbígbóná lẹ bébà mọ́ etí fèrèsé. Ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí, atẹ́gùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. A ki koríko gbígbẹ bọ inú ṣòkòtò kan, a fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Turat ṣì ń wá ṣòkòtò náà. A po èérún èédú mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti amọ̀, a mọ ọ́n róbótó róbótó, a sá a. Ó ń jó pẹ́, ó sì ń rùn bí ohun tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá ò wá. Nígbàkígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá bá wọn lórí àga, ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, fìlà onírun lórí, bàtà ìta lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ní ṣé ilé ò tutù, wọ́n á ní rárá, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde ni. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé omi inú korobá ti dì lójú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn omi tútù.

O mọ ìdí ẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí àwọn àna jókòó ti ẹran nílé wa, Ìyá Turat nu ẹnu, wọ́n wá sọ ọ́ sétí gbogbo èèyàn pé ilé yìí tutù débi pé ọ̀rá ń dì mọ́ àwọn létè. Bàbá ló fi ọwọ́ ara wọn mọ ilé náà látìpìlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí wọ́n bá ti ẹnu mi sọ ọ́. Kí Bàbá wá sá fún òtútù, kó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìyá Turat ni wọ́n sá wá, ìyẹn ni pé wọ́n gbà pé ọ̀rá dì lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń jẹ búrẹ́dì, Ìyá Turat sọ fún Turat pé, “Lọ tọrọ èédú lọ́wọ́ bàbá ìyàwó ẹ.”

Turat ní èédú ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà, ó sì pọ̀.

“Fi tapólì bò ó kóo tó lọ. Sọ pé ọkọ̀ èédú ò tíì dé.”

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi èédú Bàbá ṣe. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí tíì wọn.

“Tí ọkùnrin yẹn bá dì kú sínú ilé ẹ̀, àwa làwọn èèyàn máa bi. Mo ti dàgbà ju kí n máa ṣàlàyé ara mi fáwọn ará títì lọ.”

Turat lọ. O mọ̀ pé kò mọ irọ́ pa, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ máa ń rí bákan náà nígbà gbogbo, ìyẹn ló gbà á. Bàbá gbọ́ tán, wọ́n fa fìlà onírun wọn bo etí. Wọ́n wá ní, “Èédú mi kọ́ ni wọ́n máa máa dà sínú iná bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Ta ló máa ṣọ́ ọ?”

Turat ní òun ò mọ̀.

“Èmi náà ni màá tẹ̀lé e lọ nìyẹn.”

Bí Bàbá ṣe dé nìyẹn, lórí ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, wọ́n jókòó sórí àpò èédú, ẹrù ibùsùn lẹ́yìn wọn, ẹní irun àgùntàn tí Màámi fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n rán àwòrán ìwo àgbò pupa sí lára, lórí orúnkún wọn. Wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà pé àwọn ò kó kúrò nílé o, èédú àwọn làwọn ń sìn lọ. Ọ̀nà ọ̀hún ò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n rí èèyàn púpọ̀ pàdé.

Wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n sọ fún ìyá ọkọ mi pé àwọn ò ní dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ta okùn láti ògiri dé ògiri, wọ́n fi ẹní Màámi kọ́ sí i. Yàrá di méjì. Ọ̀dọ̀ Ìyá Turat ni ààrò bọ́ sí. O sì mọ̀ pé iṣẹ́ ẹní irun àgùntàn ni pé kó má jẹ́ kí ooru kọjá. Ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa.

Láti ẹ̀yìn ẹní náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá á ní, “Jumakan, sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé èédú tí wọ́n kó síná yẹn ti pọ̀ jù.” Ìyá Turat á ní, “Jumakan, sọ fún bàbá ẹ pé mo ti ń dáná kí irùngbọ̀n wọn tó hù.” Èmi ń po ìyẹ̀fun lọ ní tèmi, mi ò yanu. Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn láìdúró dè mí, síbẹ̀ orúkọ mi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Sabira, ikọ́ ọdún tó kọjá gan-an ni, èyí tó máa ń dún bí ẹni ń fa àpótí lórí òkúta. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún mọ́ ààrò. Wọ́n ní ibi tí àwọn wà tẹ́ àwọn lọ́rùn, eruku èédú lásán ni. Mo jáde lọ síbi àwọn àgùntàn, mo dúró síbẹ̀. Mò ń ro bí màá ṣe pè ọ́.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá lọ wo ilé wọn wò. Bí wọ́n ṣe jáde, Ìyá Turat dìde, wọ́n gun orí àpótí ìjókòó, wọ́n tú okùn, wọ́n wọ́ ẹní Màámi lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ìta, wọ́n gba òòlù. Mo ní, “Ìyá, Bàbá máa bínú.”

“Àpótí ni mo ní kóo dì mú.”

Wọ́n kan ẹní náà mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ó sì bò ó dé ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò rí ọjọ́ kan tí atẹ́gùn ò fẹ́ sí mi lọ́rùn ẹsẹ̀, àfi ọjọ́ náà.

Bàbá dé. Wọ́n gbé ẹní sókè, wọ́n wọlé, wọ́n sì dúró síbẹ̀ láìti ilẹ̀kùn. Wọ́n wo okùn tó ti ṣófo, wọ́n wo ẹní tó wà lọ́wọ́ wọn.

“Sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé ẹní ìyàwó mi ni wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà yìí.”

“Sọ fún bàbá ẹ pé mo mọ̀. Ìwo tó wọ́ ní igun ìsàlẹ̀ yẹn, èmi ni mo rán an.”

Èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Nígbà tí ọwọ́ Màámi ò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, bí Bàbá bá ti kó ẹran lọ sórí òkè, Ìyá Turat á lọ bá wọn jókòó, wọ́n á máa rán àwọn ìwo pupa yẹn. “Mo ní kó tú èyí tí mo bà jẹ́,” ni wọ́n wí. “Ó ní rárá, òun á máa fi rẹ́rìn-ín.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wá ìwo náà, wọ́n rí i. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Mi ò mọ ibi tí màá wò. Yìnyín ń fẹ́ wọlé sórí bàtà wọn. Ìyá Turat wá sọ̀rọ̀, wọn ò pe Jumakan.

“Àna, ẹ ti ilẹ̀kùn. Èédú yín ló ń jáde lọ yẹn.”

Bàbá ti ilẹ̀kùn. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù òtútù. Ìgbà ooru ni mo ti rí ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ààrò ni ibùsùn wọn wà báyìí. Ikọ́ náà ti lọ. Nọ́ọ̀sì abúlé gbọ́ àyà wọn, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ọjọ́ orí lọ. Nítorí náà, má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Má sì ra ẹ̀rọ amúlégbóná oníná tí o sọ. Láti ọ̀sán ni wọ́n ń mú iná lọ níbí. Ẹ̀rọ náà á kàn wá jókòó tì wá ni, òun náà á máa yáná. Ìbọ̀sẹ̀ ni kóo fi ránṣẹ́. Bàbá ò tíì mọ̀ nípa èédú abẹ́ tapólì. Wọ́n gbà pé èédú àwọn nìkan ló ń mú gbogbo wa yè, ó sì ń ṣe wọ́n lóore ju oògùn lọ.

Ohun tó ṣòro ni pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, wọ́n ń sọ ọ́ tán lọ báyìí. Ṣé ìgbẹ́ ló yẹ kó ṣíwájú nínú ààrò ni, àbí èédú. Àgùntàn ta ló sọ nù lọ́dún tí afárá wó. A ò gbọ́ rédíò mọ́. Lọ́sàn-án yìí, mo mú bébà, mo wá sínú ọ̀kan nínú yàrá tí a tì pa, níbi tí ọ̀dùnkún wà, kí n lè kọ̀wé sí ọ. Kò pẹ́, Turat wọlé pẹ̀lú abọ́ tíì kan. Ó ní òun wá wò bóyá ọ̀dùnkún ti ń rà. Ó jókòó sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì wo ọ̀dùnkún kankan. Èémí wa ń rú bí èéfín.

“Ibí tutù,” ó ní.

Mo ní ó tutù.

Ó fi apá kan ẹ̀wù ẹ̀ bò mí léjìká. A ń gbọ́ ohùn Bàbá àti Ìyá Turat láti ẹ̀yìn ògiri, a jọ mu tíì náà, kò sì sẹ́ni tó dìde nínú wa.

Bá mi kí gbogbo àwọn ará ilé wa tó wà lọ́hùn-ún. Jẹun kóo tó lọ síbi iṣẹ́. Kí ara rẹ ó le títí a ó fi tún rí ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Jumakan