Ẹnu Tó Ń Ṣí Iṣu Ìgbórò

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹjọ 1934

Bí n kò bá kọ ọ̀rọ̀ òní síhìn-ín, màá sọ ọ́ síbi tí kò yẹ.

Láti ìgbà tí òyìnbó tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n Atakpamé ti lọ sinmi nílùú wọn, èmi akọ̀wé ni wọ́n di gbogbo rẹ̀ rù: kọ́kọ́rọ́, oúnjẹ, garawa, ẹní, àti owó tí a fi ń rà wọ́n. Iṣẹ́ òyìnbó, owó oṣù akọ̀wé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí Eléèéfín ránṣẹ́ pè mí. (Eléèéfín ni mo ń pe Kòmándà, òyìnbó tó ń ṣèjọba lórí agbègbè wa, nínú ìwé yìí, torí páìpù ẹnu rẹ̀ kì í kú.) Ó ní gàrí ti wọ́n jù, àgbàdo tí eṣú jẹ kù kò ṣeé dúnàádúrà. Ó ní òun rí iṣu lọ́jà, lọ́wọ́ àwọn ará Datcha, gbọ̀ǹgbọ̀-gbọ̀ǹgbọ̀, owó pọ́ọ́kú. Kí á máa fi bọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Mo ní iṣu tuntun ni, a kò sì tíì ṣọdún iṣu. Àwọn tó ń tà á kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀ bíi tiwa ará Atakpamé. Apá àríwá ni ìjọba ti kó wọn wá tẹ̀dó, jíjẹ iṣu ṣáájú ọdún kì í ṣe èèwọ̀ wọn. Ìdí tó fi pọ́ọ́kú gan-an nìyẹn. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tó máa rà á.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé àlejò. "Joachim, ṣé àwọn Fadá ò kọ́ ọ ní nǹkan kan ni?" Mo buwọ́ lùwé. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ìṣẹ́gun, 7

Iṣu dé. Wọ́n sè é. Àwọn méjì-mẹ́ta tí kì í ṣe ará ibí jẹ ẹ́. Àwọn yòókù rọra gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n bèèrè omi.

Baba Igbẹ́kọ̀yí wà nínú wọn. Ìgbórò, abúlé kan lọ́nà Datcha, ni wọ́n ti mú un wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí pé iye ọkùnrin tó fi ránṣẹ́ síṣẹ́ ojú ọ̀nà kò pé. Kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Kòmándà sọ ọ́ lẹ́nu, ó di ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ní àwọn ń bá wa tọ́jú.

Ohun tí Eléèéfín kò mọ̀: baba yìí ni ẹnu tó ń ṣí iṣu fún Ìgbórò. Iṣu àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wà jáde nílẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ kó tó kan ti ẹnikẹ́ni. Oyè yẹn kì í kúrò lórí èèyàn títí a ó fi sin ín. Ọmọ Ìgbórò ni Dorothée, ìyàwó mi. Òun ló sọ ọ́ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 9

Wọn ò jẹ.

Ẹtì, 10

Bàtà ti lọ sọ fún Eléèéfín pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n dìtẹ̀. Bàtà — Gérard, olórí àwọn gáàdì, tó jagun fún Faransé tó sì mú bàtà kan bọ̀ tí kì í bọ́ lẹ́sẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ìdìtẹ̀ wo? Àwọn èèyàn jókòó, wọn kò jẹun.

Eléèéfín wá fúnra rẹ̀. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Bàtà nàka sí baba. Èmi ni ògbufọ̀. Baba ní òun kò kọ oúnjẹ ẹnikẹ́ni. "Ẹnu mi nìkan kọ́ lẹ rí yìí. Ẹnu gbogbo Ìgbórò ni mo gbé dání." Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Eléèéfín ní mo ń fi oyin sí i. Ó fi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn kún ẹ̀wọ̀n arúgbó. Lórí iṣu.

Àìkú, 12

A ti ìsìn Máàsì dé, a bá ìyá Dorothée lẹ́nu ọ̀nà. Fáwùmí lorúkọ rẹ̀, màmá ni mo ń pè é. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Ìgbórò.

Ó ní kò sí oúnjẹ kankan mọ́ lọ́hùn-ún. Iṣu èṣí ti tán. Eṣú jẹ àgbàdo. Iṣu ọdún yìí wà nínú ebè, ó ta débi tó ń la ilẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ já ìbẹ́pẹ tútù tí wọ́n ń sè jẹ. Kò sẹ́ni tó lè wà á. Màmá kò sunkún, kò bẹ̀ mí. Ó ní, "Àna mi, ìgbà wo lẹ máa dá ẹnu wa padà fún wa?"

Dorothée bu ẹ̀wà fún un, kò wojú mi. Ó gba Ara Olúwa láàárọ̀ yìí, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹyọ iṣu kan nílé ìdáná wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò bi í.

Ìṣẹ́gun, 14

Owó kan wà lọ́wọ́ mi fún ẹfun tí a máa fi kun ògiri, torí òyìnbó kan ń bọ̀ láti Lomé wá yẹ ọgbà wò. Mo fi ra gàrí. Ògiri kì í jẹun. Gbogbo wọn jẹ, baba náà jẹ. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, 15. Ìgbàsókè Màríà.

Bàtà ti tú mi fó. Lọ́jọ́ ọdún, n kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ń pè mí. Wọn yóò yọ owó ẹfun nínú owó oṣù mi. Kí wọ́n yọ ọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Eléèéfín ní bí wọn kò bá jẹ iṣu di Àbámẹ́ta, baba ń lọ sí ẹ̀wọ̀n ìlú Màngó, ní àríwá lọ́hùn-ún, fún ọdún kan. Arúgbó tó ń di ògiri mú rìn. Bó bá kú síbẹ̀, ikú ìkà ni. Bí kò bá kú, ó tún burú sí i: nígbà tó bá ṣì wà láàyè, kò sẹ́ni tó lè gba ipò rẹ̀ ní Ìgbórò, iṣu á sì jẹrà nínú ebè. Mo ṣàlàyé èyí fún Eléèéfín. Ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ń jáde.

Ìkà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, mo mọ bí a ti í bínú sí i. Ti ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo lọ jókòó ti baba lábẹ́ igi ọdán inú ọgbà. Mo bi í bóyá dandan ni kó jẹ́ Ìgbórò ni yóò ti ṣí iṣu. Ó ní iṣu ló gbọ́dọ̀ ti Ìgbórò wá. Kí obìnrin kan láti ibẹ̀ rù ú, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ọ̀bẹ tí kò tíì gé nǹkan. Epo. Omi. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ òun bá wà náà ni ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n mọ èyí, ọmọ mi. Ibi tí mo bá ti ṣí i lọ́dún yìí, ibẹ̀ ni n ó máa ti ṣí i títí n ó fi kú. Bí a bá gbé e kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan, a kì í gbé e padà."

Mo ní mo gbọ́. Inú mi ti dùn jù, n kò gbọ́ nǹkan kan. Dorothée ní òun ló máa lọ jẹ́ iṣẹ́ náà nílé wọn. Ó ti wé gèlè kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹtì, 17

Màmá dé láàárọ̀, iṣu kan ṣoṣo lórí, ẹnu pa dé. Bàtà dá a dúró. Kí ló rù? Ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ? Kò fọhùn. Bàtà jágbe mọ́ ọn, ó gbé pàṣán sókè. Màmá ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kò rí i. Mo sáré dé, mo ṣí géètì fúnra mi. Mo sọ fún Bàtà pé bó bá fọwọ́ kan obìnrin yìí tí iṣu já bọ́, òun ni yóò máa bọ́ gbogbo Ìgbórò títí ọdún á fi yípo.

Lábẹ́ igi ọdán. A sun iṣu náà. Baba da omi sílẹ̀, ó pe orúkọ àwọn tó ṣí iṣu ṣáájú rẹ̀, ó gé e, ó ti í bọ epo, ó jẹ. Ó gbé e mì. Mo gbọ́ bí gbogbo ọgbà ṣe mí kanlẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó wá láti abúlé mìíràn ní ẹnu tó ṣí yẹn tó àwọn náà, wọ́n fa àwo mọ́ra. Ìgbà yẹn ni màmá tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró, àna mi," ó sì yí padà kíákíá, kó lè lọ sọ fún ilé.

Bàtà ti bọ́ bàtà rẹ̀. N kò bi í.

Àbámẹ́ta, 18

Eléèéfín bá wọn nídìí iṣu. Ó gbá mi léjìká. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, pé bí a bá le mọ́ wọn, wọn á gbọ́. Ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lomé: ìyà ló pa ìdìtẹ̀, ọgbọ́n òun ló dín ìnáwó kù. Kí n buwọ́ lù ú bí ẹlẹ́rìí. Mo ní n kò rí ìdìtẹ̀ kankan. Ó ní kò burú, òun nìkan tó o. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi fagi lé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi kún ti baba. Àánú tí a fi irọ́ rà.

Ajé, 20

Baba lọ ilé. Lẹ́nu géètì, ó di ọwọ́ mi mú: kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ nǹkan sábẹ́ igi yẹn. Mo ṣèlérí.

Ẹtì, 31

Owó tí iṣu dá sí ti ríṣẹ́ ṣe. Eléèéfín ń kọ́ yàrá ìjìyà. Olókùúta, aláìní fèrèsé, gíga rẹ̀ kò tó kí èèyàn nàró. Ó yan abẹ́ igi ọdán. Wọ́n gé igi náà lónìí. Mo ní kí wọ́n sún ilé náà díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí kì í bẹ èèyàn. Ó ní ibo lèmi ti gbọ́ rí pé ẹlẹ́wọ̀n ń yan ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n. Ọwọ́ mi ni owó òkúta sì ti ń jáde, ẹrù kọ̀ọ̀kan. N kò fẹ́ kọ ìwé yìí mọ́.

Ẹtì, 9 oṣù kẹjọ 1935

Mo tún ṣí i. Dandan ni.

Eléèéfín ti lọ. Kòmándà tuntun kò mọ nǹkan kan, kò sì bèèrè. Láàárọ̀ yìí Baba Igbẹ́kọ̀yí dé ẹnu géètì, òun nìkan, ọ̀bẹ tuntun wà nínú aṣọ rẹ̀. Ó kí mi, ó bèèrè Dorothée. Ó ní òun kò fi ẹnì kankan ránṣẹ́ síṣẹ́ ojú ọ̀nà lọ́dún yìí. Kí n ti òun mọ́ yàrá òkúta.

Mo ní kó jẹ́ kí n bẹ Kòmándà, kó wọlé bí àlejò, kó ṣe tirẹ̀, kó máa lọ. Ó ní, "Mo ti gba ẹnu ògbufọ̀ mìíràn bẹ̀ ẹ́ lánàá. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n nìkan ló ń wọ ibẹ̀." Ó ní kí n má dààmú. Àwọn ọkùnrin wà nílé, ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí òun bá ti ṣí iṣu tán, gbogbo wọn á jáde sójú ọ̀nà.

Mo lọ jíṣẹ́. Kòmándà kọ ọ́ láìgbójú sókè: ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàrá ìjìyà. Mo dúró níwájú rẹ̀. Arúgbó gbọ́dọ̀ dáràn kí abúlé rẹ̀ tó lè jẹun, lójú ìjọba gbogbo rẹ̀ sì tọ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ títí ó fi rí ibẹ̀. Gbòǹgbò igi ọdán ti yọ láàárín òkúta. Ó jókòó tì í. Ó ní, "Ti ilẹ̀kùn, ọmọ mi, kí wọ́n má baà bá ọ wí."

Mo tì í. Mo jókòó sẹ́nu géètì báyìí, orúnkún ni mo fi ṣe tábìlì. Màmá ti yọ nísàlẹ̀ òkè, iṣu lórí, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Bàtà ti rí i. Ó ti jókòó, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.