Epo Tó Ń Kún Lójú Fóònù

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà, 2025
Òdòdó ṣe àwòrán kan lónìí. Rose ni orúkọ rẹ̀ gan-an — Òdòdó ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò mọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ la ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ní Òkìtìpupa. Èmi ń tún fóònù ṣe, òun ń ta ìbòrí fóònù àti ṣájà. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú àwòrán ṣáàjì wọ àdúgbò: o ki ṣájà bọ fóònù, àwòrán tó wù ọ́ á máa rìn lójú rẹ̀ títí bátìrì á fi kún. Èmi ni mo kọ́ ọ.
Ewé kan tó ń yí ni mò ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Òun ṣe ti Bàbá Lérè, tó ní ẹbu tí wọ́n ti ń fún epo ní Òde-Ayé: epo pupa ń ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì, bí iná ṣe ń wọ fóònù ni epo ń gòkè. Nígbà tó kún, ó dà díẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó dára. N ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ènìyàn mẹ́fà, ọ̀dọ̀ Òdòdó ni gbogbo wọn lọ. Ti Dèjì ọlọ́kadà: ọ̀kadà ń bọ̀ láti Òde-Ìrèlè, bí fóònù bá kún, ó dé ilé. Ẹnì kan bi mí bóyá èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Iléyá. Àbùbákàr ọkọ mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí nídìí oúnjẹ: ẹja ń wẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ní Rose ló ṣe é, ọmọ yẹn ní ọpọlọ. Mo ní ẹran ti le jù. Kò le.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ṣe ewé tuntun. Ó jọ ti tẹ́lẹ̀.
Janet onídìrí, tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, wá. Rose ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun náà fẹ́ kí Rose ṣe tòun. Mo ní, "Ṣọ́ra o. Tiẹ̀ máa ń ba bátìrì jẹ́." Gbólóhùn kan péré. Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ronú — irọ́ ni, láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó.

Ọjọ́ Ajé, 9
Òjò. Kò sẹ́ni tó béèrè Òdòdó.

Ọjọ́rú, 11
Ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà. Wọ́n ní bátìrì ẹnì kan wú ní Iyansan. Wọ́n ní fóònù kan jóná. Dèjì wá, ó ní kí Rose yọ ọ̀kadà òun kúrò. Bàbá Lérè náà wá. Rose pa epo yẹn rẹ́ lójú rẹ̀.
Nírọ̀lẹ́ ó wá bá mi. "Àǹtí Sàídátù, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà yín gbọ́." Mo ní màá ṣe é. N ò lè wò ó lójú.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo ṣe é. Mo lọ bá Bàbá Lérè nídìí ẹbu, mo lọ bá àwọn ọlọ́kadà ní ibùdó wọn. Mo ní àwòrán kì í ba bátìrì jẹ́, pé àhesọ lásán ni. N ò sọ ẹnu tó ti jáde. Bàbá Lérè ní òun á wá gba epo òun padà. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Rose kó ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ti gba àyè ní Òde-Ìrèlè. Mo bi í pé kí ló dé, ṣebí àwọn ènìyàn ti ń padà bọ̀. Ó ń di àwọn ìbòrí fóònù rẹ̀ sínú àpò, kò dúró.
Ó ní, "Láti ọjọ́ Àìkú ni Janet ti sọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Mo wá bá yín lọ́jọ́rú torí mo rò pé ẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́."
Mo ní, "Rose, jọ̀ọ́ —"
Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun dúpẹ́ pé mo kọ́ òun. Dèjì fi ọ̀kadà gbé e lọ.
Ká ní èmi ni, ǹ bá ti bú u dé ìran baba rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò. Òun kò bú mi. Ìyẹn náà, mo ń ṣe ìlara rẹ̀.