Irun Tí Omi Kò Gbọdọ̀ Kàn

Sátidé, July 2012

Ṣadé ọmọ mi pè láti Jámánì, níbi tí ilé ìwé rẹ̀ kó wọn lọ. 

"Mummy, ẹ kọ ọ́ sínú fóọ̀mù pé mo lè swim. Wọ́n jẹ́ kí n wọ adágún, omi bò mí mọ́lẹ̀. Lifeguard ló fà mí jáde."

Ojú ló tì mí láti kọ òdodo. Ní praimárì, gbogbo ọjọ́ swimming ni mò ń kọ lẹ́tà sí tíṣà pé ara rẹ̀ ò yá, kí omi má baà ba irun rẹ̀ jẹ́. Odidi ọjọ́ ni mo fi ń di irun yẹn.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ma." "Irun mi ò bàjẹ́."