Kọ́kọ́rọ́ Ẹnu Ọ̀nà Tí Mi Ò Tètè Pààrọ̀

                                                  Yàrá Òkè, Ilé Alájà Méjì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, oṣù Bélú.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ínẹ̀yẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Mo gbọ́ pé oníbàárà ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ. Kú iṣẹ́, kú ìnáwó, kú ìdúró o. Ara tiwa náà le, àìsàn kankan ò ṣe wá. Ojú ló ń tì mí, ìyẹn ni mi ò ṣe gbé fóònù rẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, mi ò lè sọ ọ́ kí n sì máa gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Ṣé o rántí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wa? O ò lè gbàgbé. Ìgbà tí o wá kí wa, tí mo fún ọ ní ọmọ kọ́kọ́rọ́ pé kí o máa lọ sílé, ìta lo dúró sí títí ọmọ mi obìnrin fi ti ilé-ìwé dé tó wá bá ọ ṣí i. O bínú lọ́jọ́ náà. O ní kọ́kọ́rọ́ yìí ti jẹ tán, kí n lọ ra òmíràn. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ọwọ́ rẹ ló le, pé wọ́n máa ń fẹ̀sọ̀ bá a lò ni.

Ó ti ní bó ṣe ń fẹ́ kí wọ́n ṣe òun. Wàá fi ọwọ́ kan gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, wàá fi orúnkún tì í nísàlẹ̀, wàá wá ti ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kó má wọlé tán, wàá yí i sẹ́yìn kí o tó yí i síwájú. Gbogbo wa nínú ilé mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọmọ mi a máa fi díje, ẹni tó bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà ló máa jókòó sórí àga bàbá wọn. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé mọ́tò akẹ́rù ló ń wà, ní bí òun bá ti fi orúnkún kan ilẹ̀kùn yẹn lòun ń mọ̀ pé òun ti délé. Alágídí la sọ ọ́. A tún ń fi yangàn pé olè kan ò lè ṣí i láéláé. Irọ́ ni o. Ọmọ kọ́kọ́rọ́ aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ wa ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń yí. Mo mọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti gbó débi pé bí a ò bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í, atẹ́gùn lásán á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

O mọ ìyá ọkọ mi. Bí o bá ní kí o bá wọn gbé ike omi, wọ́n á bi ọ́ bóyá ọwọ́ àwọn ti kán ni. Láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú, àwọn nìkan ló ń dá gbé ilé wọn. Àwọn ló ń gbálẹ̀ rẹ̀, àwọn ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àwọn ló ń tì í. Ọkọ mi ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, wọ́n ní àwọn á wá wò ó ná, bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á dúró. Inú mi dùn dénú, má rò pé ojú ayé ni mò ń ṣe. Obìnrin yẹn ló tọ́jú mi nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ gún mi lára rí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Mo kun ògiri yàrá tí wọ́n máa sùn, mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ra kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Ọkọ mi bi mí pé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́. Mo ní kí ló ṣe kọ́kọ́rọ́, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, kò sẹ́ni tó ń wọlé onílé tó ń yin kọ́kọ́rọ́. Kọ́tìnnì ni wọ́n ń yìn. Ìyá sì yìn ín lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń sọ pé àwọn ò mọ̀ pé ilé wa dára tó báyìí. Ó ti dé ẹnu mi láti sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn wa ní bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo gbé e mì. Báwo ni mo ṣe máa sọ pé orúnkún la fi ń ṣí ilé tí wọ́n ń yìn? Mo kàn ní ọmọ kọ́kọ́rọ́ tiwọn wà lórí tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi ti gbéra ìrìn àjò, àwọn ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé, Ìyá ṣì ń sùn. Oníbàárà kan fẹ́ kí n dirun fún òun kó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Mo sáré jáde, mo ti Ìyá mọ́lé, torí ilẹ̀kùn ò lè dúró bí mi ò bá tì í. O sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni tọ́lẹ́ẹ̀tì wa àti ilé ìdáná wà, nínú àgbàlá. Ìyá jí, wọ́n fẹ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ọmọ kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, wọ́n yí i, kò gbọ́. Wọ́n tún yí i, ó kán sínú rẹ̀.

Aránṣọ ìsàlẹ̀ ló gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tó pè mí. Nígbà tí mo fi máa dé, gbogbo ara mi ń làágùn, àwọn obìnrin ilé ti kún ẹnu ọ̀nà, káfíńtà tí wọ́n pè sì ti ń fi irin já ilẹ̀kùn. Ẹnì kan bi mí bóyá mi ò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yìí ò dáa ni. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní kò sóhun tó ṣe kọ́kọ́rọ́, mo ní wẹ́rẹ́ ni mo ṣí i lánàá, mo ní bóyá Ìyá ló fi agbára yí i. Ìyá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wá pè mí láti inú, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

“Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, sọ fún àwọn èèyàn yẹn kí wọ́n máa lọ ná.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú, wọ́n ń ràn wá lọ́wọ́ ni.”

“Mo mọ̀. Ní kí wọ́n máa lọ.”

Mo rò pé inú ló ń bí wọn, mo sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i bí mo ṣe ń ṣe aájò ìyá ọkọ mi. Mo ní kí káfíńtà ṣe kíá. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ìyá dúró sáàárín yàrá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìró wọn mú, ìró náà ti tutù láti òkè délẹ̀, ilẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí sì tutù. Káfíńtà yíjú sí ògiri. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìn-ínẹ̀yẹ, ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlé.

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n bá àwọn pọnmi ìwẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Nígbà tí ọkọ mi pè nírọ̀lẹ́, àwọn ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn ti ṣẹ́ ọmọ kọ́kọ́rọ́ ilé o, ọwọ́ àwọn ò mọ̀wọ̀n mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà dákẹ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé.

Ìgbà tí ọkọ mi dé ni ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Káfíńtà ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ mi wọlé, ó ń mi orí. Ó ní ṣé mo rí i báyìí pé Ìyá ti darúgbó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́, báwo ló ṣe máa dá gbé? Ó ní òun máa fi ilé wọn fún ayálégbé, wọ́n fẹ́ wọ́n kọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wà, a ò sì ní fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ sí àrọ́wọ́tó wọn mọ́. Mo ń bu oúnjẹ fún un lọ́wọ́. Ó jẹun tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìtọ́jú tí mo ṣe ìyá òun. Mo sì ní kò tọ́pẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo pe Ìyá, mo ní màá sọ òótọ́ fún ọmọ wọn. Wọ́n wá ní, “Bí o bá sọ ti kọ́kọ́rọ́, ṣé wàá sọ ìyókù?” Àṣé ìdí tí wọ́n fi gba ẹ̀bi náà sọ́rùn nìyẹn. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ọmọ wọn rò pé ọwọ́ wọn ò mọ̀wọ̀n mọ́ ju kó mọ ohun tí àwọn obìnrin ilé wa rí lọ. Mo búra pé ìyókù ò ní dé etí ọmọ wọn láéláé. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, torí ó ti wúwo jù fún mi láti dá gbé, mo sì mọ̀ pé o ò ní sọ ọ́ síta.

Mo wá jókòó ti ọkọ mi. Mo ní kọ́kọ́rọ́ yẹn ti kú tipẹ́, pé ìwọ sọ fún mi, òun náà bi mí, mo sì ń purọ́. Mo ní mo ti ìyá rẹ̀ mọ́lé láì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí i, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí àbùkù ilé mi. Kò pariwo. Ó ní, “O sì jókòó, o jẹ́ kí n máa sọ pé Ìyá ti darúgbó.” Ó dìde, ó lọ pe ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ayálégbé ti tán, ṣùgbọ́n títí di òní kò tíì bá mi ṣàwàdà.

Jọ̀wọ́, yẹ ilẹ̀kùn tìrẹ náà wò. Bí ọmọ kọ́kọ́rọ́ bá ti ń há, tàbí tí ti ẹlòmíràn lè yí i, má bá a ṣọ̀rẹ́, pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti di pé wàá kọ́ àlejò bó ṣe máa jáde nílé rẹ, ó ti pẹ́ jù.

Lánàá, mo lọ bá Ìyá nílé wọn, èmi nìkan. Mo mú ọmọ kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ fún wọn, mo ní yàrá wọn wà bó ṣe wà. Wọ́n gbà á, wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́ padà.

Wọ́n ní, “Màá máa wá kí yín, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní í sùn níbẹ̀.”

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ eléyín tuntun náà jó. Má tíì pè mí. Kọ̀wé sí mi ná.

Èmi ni tìrẹ, bí mo tilẹ̀ ṣe báyìí,
Ọlọ́wọ́ẹ̀lẹ̀.