Ejò Tó Wà Lábẹ́ Ṣẹ́ẹ̀tì Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá. Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn. Ara wa le nílé, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ ló fà á. O ní iná lọ ní ọgbà ẹranko tí o ti ń ṣiṣẹ́, òjò ọjọ́ méjì kò jẹ́ kí oòrùn yọ, gílóòbù tó ń mú ejò móoru ti kú, ni o bá ki ọmọ òjòlá bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká sí ọ láyà. Mo figbe ta! Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sórí ṣòkòtò ọ̀gá ilé ìwé tí mò ń lọ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan jóná. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra òmíràn fún un, torí èyí tó wọ̀ wá ló bọ́ fún mi lọ̀, ó dúró tì mí ni, ìborùn mi ló sì ró lọ sílé.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ejò kò ní ooru tirẹ̀, ooru ibi tó bá wà ló ń lò, bí èèyàn fi kúbùsù bò ó títí dọ̀la kò lè móoru, àfi kó rí ohun gbígbóná fara tì. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná létí mi, mo mọ̀ pé ibà ti mú ọ, òun ló ń gba inú rẹ̀ bọ̀, mo sì gbé e sínú omi tútù kí ara rẹ lè rọlẹ̀. Láti ìgbà náà ẹ̀gbọ́n rẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù mọ́, ìyẹn ni mo fi ń kọ̀wé.

Láàárọ̀ yìí mo lọ wo alángbá ara ògiri wa. Ó lẹ̀ mọ́bẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbàgbé, mo fọwọ́ kàn án, kò sá. Oòrùn yọ tán, ó ń sáré kiri. Ọ̀sán pọ́n, ó sá sábẹ́ igi. Mo jókòó, mo dìde, mo tún lọ wò ó, títí bàbá rẹ fi béèrè pé èwo gan-an ni alángbá nínú àwa méjèèjì.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ooru tí ejò yẹn ń fà lára rẹ, ta ni yóò dá a padà? Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Mo tún ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi àwòrán náà hàn mí, mo rí bí o ṣe fọwọ́ gbá a mọ́ra jẹ́jẹ́, mo bá fa lẹ́tà náà ya.

N kò sọ fún ọ rí: oṣù méje péré ni o lò nínú mi kí n tó bí ọ. Kúbùsù mẹ́rin ni wọ́n fi wé ọ, ara rẹ tutù síbẹ̀. Agbẹ̀bí ní kí n bọ́ bùbá, kí n gbé ọ lé àyà lásán. Ogójì ọjọ́ ni mo fi ọwọ́ kan jẹun. Ìyá ọkọ mi ní o máa fa ẹ̀mí mi tán. Mo ṣì wà níbí.

Bí iná bá tún lọ, má gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n máa jẹun dáadáa. Ọlọ́run tó jẹ́ kí o yè lórí àyà mi kò ní jẹ́ kí tìrẹ kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.